Aṣọ Tí Mo Dín Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Kò sí télọ̀ ládùúgbò wa tó mọ aṣọ dín bíi tèmi. Mi ò fọ́nnu o. Ẹ bi àwọn tó ń bínú mi pàápàá, wọ́n á jẹ́wọ́. Kí oníbàárà tó jókòó, mo ti mọ̀ bóyá ó sanra sí i ni àbí ó rù. Ẹnu mi kì í sì í gbélé: "Ìyá, ẹ rọra jẹun o, zíìpù ò ní gbà!" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Èmi tí ojú mi mú tó báyìí ni mo bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mi ò rí.

Nígbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló kọ́kọ́ gbé yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ó ń yọ̀ bọ́ nídìí òun. Mo na téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, mo dín in kí oníbàárà tó wà níjókòó tó mu omi rẹ̀ tán. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó tún gbé e dé. Mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ìyá ẹ̀! Ta lò ń ṣoge fún?" Àwọn ọmọṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń wolẹ̀.

Nílé, kò kọrin mọ́ bó bá ń fọ abọ́. Bó bá ti ilé-ìwé dé, ó di inú yàrá, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í kúrò nílé wa ò wá mọ́. Mo rí gbogbo rẹ̀, ọ̀lẹ ni mo pè é. Mo ní, "Ọmọ tó ń jẹ tó ń sùn, ìrònú kí ló ní? Nígbà tí mo tó ẹ, mo ti ń ránṣọ bọ́ àwọn àbúrò mi!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀bù kún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kó tó wọlé. Mo há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, mo ní kó gbé apá sókè.

"Màámi," ló wí, "mo fẹ́..."

"Má mira, abẹ́rẹ́ á gún ẹ."

Kò mira mọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ó ti bá ẹ mu wẹ́kú. Máa lọ, wọ́n ń dúró dè mí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láti ilé-ìwé. Ó ti kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀ pé ayé sú òun, òun ò fẹ́ wà mọ́. Ọpẹ́ ni pé tíṣà náà kò dà bí èmi: ó fi kíláàsì sílẹ̀, ó jókòó tì í títí nọ́ọ̀sì fi dé.

Ọmọ mi wà láàyè. Mò ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ó máa ń lọ bá obìnrin agbaninímọ̀ràn kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọsibítù, ọkàn rẹ̀ sì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló ń gbé báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin yẹn ní kí èmi náà wá. Mo bẹ ọmọ mi. Mo ní, "Jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni."

Ó wò mí, kò pariwo rárá. "Ẹ mọ̀, Màámi. Ẹ̀yin lẹ dín in. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti na téèpù yẹn, mo máa ń rò pé ẹ máa bi mí."

 Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ríran ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Àbúrò mi pè mí níjẹta. Ó ní ọmọ ti ń jẹun dáadáa, yunifọ́ọ̀mù ti ń há a. Inú mi dùn dé ibi pé mo dìde. Mo ní kó gbé e wá kíá, èmi ni màá tú u.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ó ti gbé e fún télọ̀ míì."

Mo ní kò burú. Mo wá bi í bóyá télọ̀ náà máa ń bá a sọ̀rọ̀.