Sàláàdì Tí Bíríkìlà Pò

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀, bíríkìlà kò tíì rí i kó jẹun dé ìdajì abọ́. Ọbẹ̀ gbígbóná ń rùn sí i. Búrẹ́dì ń há a lọ́fun. Ó ní gbogbo nǹkan dà bí òwú lẹ́nu òun, aránṣọ sì ni, ó mọ bí òwú ṣe ń rí lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá wò ó lọ́jọ́ Ajé, ó wo ọrùn àbúrò rẹ̀, ó wo àna rẹ̀, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Àna mi, ẹ má bínú sí mi o. Ọwọ́ tó ń to búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ọwọ́ ìdáná. Tí mo bá padà dé lọ́jọ́ Sátidé tí kò tíì máa jẹun, ilé mi ni mo máa gbé e lọ títí ara rẹ̀ á fi yá."

Bíríkìlà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n yìí jìnnà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù, bẹ́dì wọn ti fẹ̀ jù fún òun nìkan, kò fẹ́ kó tún fẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó jókòó ti obìnrin náà. "Abẹ́rẹ́ mi, sọ ohun kan tí ẹnu rẹ ń fẹ́. Ohun kan péré."

Ìyàwó ronú. "Nǹkan tútù. Sàláàdì pòtétò yẹn, èyí tí wọ́n ń fi wàrà kíkan àti ewé tútù pò. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ ò lè ṣe é."

"Èmi tí mo ti ń po simẹ́ńtì láti kékeré? Kí ló wà nínú pípò tí n ò mọ̀?"

Ó bó àwọn pòtétò ńláńlá, ó gé wọn, ó sè wọ́n títí wọ́n fi rọ̀. Kò dúró kí wọ́n tutù. Ó kó wọn jọ sínú abọ́ bí òkìtì yanrìn, ó gbẹ́ ihò sáàárín, ó da wàrà sínú ihò náà, ó wá ń kó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ àárín, ó ń yí i, ó ń lù ú, bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ gẹ́lẹ́. Bó ṣe ń lù ú tó ló ń fà tó. Nígbà tó gbé ṣíbí sókè, abọ́ tẹ̀ lé ṣíbí.

"Olówó orí mi!" ìyàwó ké láti yàrá. "Kí lẹ ń lù? Ṣé ògiri kan wó ni?"

Ó gbé abọ́ náà lọ fi hàn án. Ó dojú rẹ̀ dé, nǹkan kan ò já bọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Yéè, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú abẹ mi! Ta ló ní kí ẹ lù ú?"

"Tí n ò bá lù ú, ṣé ó máa dá ara rẹ̀ pò ni?"

"Ẹ mọ sítáàṣì tí mo fi ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì le? Ó wà nínú pòtétò. Tí ẹ bá ti lù ú báyẹn, ó di gọ́ọ̀mù nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà yé e, ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ó fi ìka fa díẹ̀ nínú gọ́ọ̀mù náà wò bó ṣe ń nà, kó tó padà sí ilé ìdáná.

Pòtétò ńlá ti tán. Àwọn wẹ́wẹ́ ló kù, tí awọ wọn fẹ́lẹ́. Ó sè wọ́n tawọtawọ. Ó ń fi fọ́ọ̀kì gún wọn wò, nígbà tó sì wọlé wẹ́rẹ́ láìfọ́ wọn, ó da omi nù, ó gé wọn sí méjì méjì. Ooru ń yọ lára wọn, ojú wọn ń gbẹ bó ti ń wò wọ́n. Ó rántí búlọ́ọ̀kù. Tí a bá to búlọ́ọ̀kù gbígbẹ láìkọ́kọ́ wọ́n omi sí i, gbogbo omi inú simẹ́ńtì ló máa fà mu, ògiri á sì sán.

Ó yọjú sí yàrá. "Abẹ́rẹ́, tí mo bá kọ́kọ́ fún wọn ní fínígà, omi kíkan inú ìgò yẹn, mu báyìí tí wọ́n ṣì gbóná ńkọ́?"

Ìyàwó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ta ló sọ fún yín?"

"Búlọ́ọ̀kù ni."

"Ẹ káre. Fínígà àti iyọ̀ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù kí ẹ tó fi wàrà sí i, tí ooru bá kàn án, omi ló máa ṣàn. Ẹ má sì lu nǹkan kan mọ́ o!"

Ó wọ́n fínígà sí wọn, wọ́n sì mu ún tán pátápátá, ìsàlẹ̀ abọ́ gbẹ. Bí wọ́n ti ń tutù létí fèrèsé, ó fọ àlùbọ́sà eléwé, pásílì àti ewé efinrin díẹ̀, ó sì fi aṣọ mímọ́ nu wọ́n gbẹ kí omi ara wọn má baà mú wàrà ṣàn. Ọ̀bẹ tó wà nílé kú, ó ń tẹ ewé fọ́ ni. Ó bá na ọwọ́ mú nǹkan mìíràn tó mú. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan.

"Olówó orí mi, ṣé àlùmọ́gàjí ìránṣọ mi ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Rárá o!" Ó rọra dá a padà síbi ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì lọ pọ́n ọ̀bẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ṣíbí fífẹ̀ gbé pòtétò láti ìsàlẹ̀ wá sókè jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ́ ògiri kẹ́yìn, tí kò fẹ́ kí ojú ọwọ́ òun hàn. Wàrà bo gbogbo rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó fọ́.

Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọlé. Kò sẹ́ni tó kí i dáadáa. Ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ ni bíríkìlà ń wò. Ṣíbí àkọ́kọ́ pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó bu èkejì.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," ó wí, ó sì bu ẹ̀kẹta.

Ẹ̀gbọ́n tọ́ díẹ̀ wò nínú abọ́ náà. "Àna mi, ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ẹ má purọ́ fún mi o."

"Èmi ni. Tí ẹ bá ní ògiri tó sán nílé, èyí tí mo kọ́kọ́ pò wà lórí tábìlì, ẹ fi rẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún na ṣíbí. Àbúrò rẹ̀ fa abọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ bu tiyín."

Ẹ̀gbọ́n dúró tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù, ó pe awakọ̀ tó gbé e wá.

"Má tíì máa bọ̀. Èmi nìkan náà ni mò ń padà... Kò sí nǹkan tó ṣe àbúrò mi. Ó ń bá mi du oúnjẹ."