Àwọn Tó Wá Béèrè Níyìọlá

Láti ọjọ́ tí rédíò ti kéde pé Ààrẹ fẹ́ fi Níyìọlá ṣe aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni oorun ti dá lójú ìyá rẹ̀. Inú Màmá Ọlábímtán dùn, ẹ má ṣì í gbọ́. Ọmọ tó ti ń bá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́ láti ipò kékeré, tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan, ni wọ́n wá rántí yìí. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni Màmá ń gbé, àwọn ajínigbé náà sì ń gbọ́ rédíò.

Ó yọ fọ́tò Níyìọlá kúrò lára ògiri, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá kó àwọn ará ilé jọ.

“Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè Níyìọlá, ẹ ò mọ̀ ọ́n.”

Doris, aránṣọ tí Màmá mú bí ọmọ, fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. “Mama, make your mind rest. I no know am.”

Kò pẹ́ tí ọkùnrin méjì fi dé. Wọ́n gbé mọ́tò wọn sílẹ̀ lọ́nà Àpápá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ọ́fíìsì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Warehouse Road ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá kíni jù, ó ní ohun tó ń wá.

“Mà, ṣé ibí ni Níyìọlá Ọlábímtán ti dàgbà?”

“Níyìọlá wo? N ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.”

Ọ̀kan nínú wọn wo ògiri, níbi tí ọ̀dà ti mọ́ ju ìyókù lọ. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Màmá yin Ọlọ́run lógo.

Bí wọ́n ṣe lọ ni fóònù dún. Níyìọlá ni, láti Àbújá.

“Mọ́mì, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bọ̀ wá béèrè mi ládùúgbò. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe aṣojú ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn dáadáa. Àwọn kan ti ń sọ pé irọ́ ni mo pa nípa ibi tí mo ti wá, torí wọ́n fẹ́ gba ipò náà fún èèyàn wọn.”

Màmá fa fọ́tò yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ó bá àwọn ọkùnrin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Doris.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi purọ́.” Omi ti ń dà lójú rẹ̀.

“Mà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni. Èwo ni ká wá gbà?” Ọkùnrin náà yíjú sí Doris. “Madam, this mama get pikin wey dem dey call Níyìọlá?”

Doris wo omijé ojú Màmá. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ìyá arúgbó yìí ni. Màmá ń mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n Doris ti búra.

Ó tún fi ìka kan ilẹ̀.

“Oga, I swear. This mama no born pikin at all.”