Àyà Ń Sáré, Ẹnu Ń Dúpẹ́

Adésọjí ò ní másùnmáwo kankan. Ẹni tó ń sùn ní kíláàsì títí itọ́ fi ń dà sórí ìwé, kí ló fẹ́ dà á láàmú? Síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i láti fi múra ìdánwò ìṣirò. Èmi Mojíre, wọ́n ní kí n ṣe tèmi lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa ṣe é nìyẹn. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á lé mi kúrò ní yunifásítì ni.

Ìwádìí Dókítà Lágúnjú, olùkọ́ wa, ló fà á. Ó fún wa ní aago ọwọ́ tó ń ka bí àyà ṣe ń lù àti bí òógùn ṣe ń bo ara nígbà tí a bá ń kàwé. Ẹni tí másùnmáwo rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á sún ìdánwò rẹ̀ síwájú. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, Dókítà fúnra rẹ̀ á tún bèèrè lórí fóònù: "Báwo lara?"

Kí lẹ fẹ́ kí n fèsì? Ní Ìpetumodù tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá bèèrè àlàáfíà ẹni, a kì í da wàhálà lé e lórí. Ìyá mi á gbá mi létí bí mo bá sọ ju "a dúpẹ́" lọ. Mi ò rí oorun sùn mọ́, síbẹ̀ mo ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "A dúpẹ́, sà." Adésọjí aláìlẹ́kọ̀ọ́ kọ tirẹ̀: "Mo ń kú lọ."

Nígbà tí orúkọ mi ò jáde lára àwọn tí wọ́n sún ìdánwò wọn síwájú, mo lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Dókítà.

"Aago ní àyà rẹ ń sáré," ó ní, "ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lò ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu la gbà gbọ́ ju aago lọ, a rò pé aago rẹ ti bàjẹ́ ni. A yọ orúkọ rẹ kúrò."

"Ẹ̀yin lẹ bèèrè, sà. Ṣé kí n wá dá yín lóhùn pé kò dáa ni?"

Ọmọ Ifẹ̀ nítòsí wa lòun náà, ó yé e.

"Ìwé orúkọ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Lọ kàwé."

Mo kàwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ńbà ń fò lójú mi, mo sì fi ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo gbé ẹrù mi délé, ìyá mi káwọ́ lérí.

"Mojíre, tó bá nira tó báyìí, kí ló dé tí o ò wí fún wọn?"

Mi ò tíì bínú sí ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.