Kò Sí Tuda Tó Hewú

Ìyá Moha tún ń bá ọmọ tuntun náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti kò, Moha ti so àgbò mọ́lẹ̀ lágbàlá, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ dé láti ọsibítù ni ìyá náà ti ń pè é ní Tuda.

"Tuda, ta ló ní kí o wa mọ́tò nínú yìnyín yẹn?" ló ń wí jẹ́jẹ́.

Orí Izza, ìyàwó Moha, wú lórí ibùsùn tó wà. Òkú ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń bá wí.

Ní òkè Azrou wa yìí, orúkọ ńlá ni Tuda. Tuda kan gun ẹṣin kojú àwọn sójà Faransé. Ìbọn pa á kí ó tó já ọmọ lẹ́nu ọmú. Òmíràn ń kọrin, ọjà á dákẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀kẹta ni àbúrò Moha, dókítà obìnrin àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn, tí mọ́tò rẹ̀ já sí kòtò léṣìí bó ti ń sáré lọ gbẹ̀bí aláboyún kan. Izza ò jiyàn ọlá wọn. Ó kàn wò ó títí, kò rí Tuda kan tó hewú, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi. Nígbà tó sọ ọ́, Moha ní kó ṣe sùúrù, pé ìbànújẹ́ ló ń da ìyá òun láàmú.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń pa àgbò ló ń pe orúkọ. Bí ọ̀bẹ bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Moha kúnlẹ̀ ti àgbò, ó bi ìyá rẹ̀ pé orúkọ wo ni kí òun pè. Izza ti gbé ọmọ jáde kí ìyá náà tó lanu.

"Moha, pè é ní Hadda."

Orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi? Èmi tí mo kàn hun ẹní, tí mo da àgùntàn? Kí ni mo ṣe láyé?"

"Ẹ̀yin dàgbà, Ìyá. Ẹ hewú, ẹ rí ọmọ ọmọ. Ohun tí mo ń tọrọ fún un nìyẹn."

"Ta ló wá máa jẹ́ Tuda?"

"Ẹ jẹ́ kí Tuda sinmi."

Omi dà lójú arúgbó náà. Ó mi orí sí Moha pé òun gbà.

Moha dárúkọ Ọlọ́run, ó sì pe orúkọ náà sókè. Gbogbo àwọn tó ń fi orúkọ pe ìyá rẹ̀ ló ti kú tán. Kí obìnrin náà tó rántí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè, ó ti dáhùn.