Irin Tí Kò Ju Ìka Lọ

Irin ìyí tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ ìlọ̀ náà ta padà kí Wassila tó lè fọwọ́ sílẹ̀, ó sì gbá ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ etí àgbá omi tí ń tu ẹ̀rọ lára. Kò ké. Ó fi ìka náà sẹ́nu, ó yọ ọ́, ó tì í bọ inú omi àgbá, ó sì di ojú pinpin. Omi náà tutù, ṣùgbọ́n kò bá ìrora náà sọ ohunkóhun.

"Ó tún ti ta ọ́?" Memounatou bèèrè. Ó jókòó sórí ìjókòó pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, abọ́ gbágùúdá gbígbẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tó dé.

"Ó ta mí, ẹ̀gbọ́n."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yìí mọ ọwọ́ Sadikou. Ẹṣin tí ọkùnrin bá gùn pẹ́, kì í gbà kí obìnrin gorí."

"Ẹṣin kì í mu epo."

"Èyí ń mu epo, ó sì tún ń jẹ èèyàn. Fi í sílẹ̀, jàre. Màá gbé tèmi lọ sínú odó."

Ọ̀rọ̀ jíjẹ èèyàn náà ti bọ́ lẹ́nu Memounatou kí ó tó rántí ibi tí ó jókòó sí. Ó dìde díẹ̀, bí ẹni tí ìjókòó gbóná lábẹ́ rẹ̀, ó tún jókòó.

Orí pákó yẹn gan-an ni Sadikou, ọkọ Wassila, jókòó sí ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, lẹ́yìn tí ó yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò jí, tí ó wá jí ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní kí Wassila fún òun lómi. Kí omi tó dé, ó ti lọ. Ẹ̀rọ ń dún lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń pa á, nítorí òun nìkan ni ó máa ń pa á. Ó dún títí epo fi tán nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ń wẹ òkú lọ́wọ́. Lèmọ́mù ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Gbogbo ìlú Akpassi sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wassila ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú opó náà, ó wù ú láti bi ẹnì kan pé kí ni ó ń pa ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógójì tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn rí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Obìnrin tí kò tíì mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la yóò ti wá, ta ni yóò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ní gbogbo àkókò náà, Adamou, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni ó ń jí ẹ̀rọ. Òun àti aládùúgbò kan yóò wé okùn mọ́ kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, àwọn méjèèjì yóò sì fà á bí ẹni ń fa màlúù tó kọ̀ láti wọ agbo. Ó rẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí opó tán, Adamou fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, oko kajú ń dúró dè mí. N kò lè máa wá fa okùn láràárọ̀. Rigobert, ọkùnrin Savalou tí ẹ̀gbọ́n mi ra ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ní òun á rà á padà. Ọjọ́rú ló ń bọ̀."

"Bí mo bá lè yí i fúnra mi ńkọ́, ọkọ mi?"

Adamou wo apá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì dun Wassila ju ẹ̀rín lọ.

"Bí o bá lè yí i jí kí ọkùnrin náà tó dé, tìrẹ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú ti dé. Imane ọmọ rẹ̀ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, ẹ̀rọ yìí ni ó sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí ó ti kírun òwúrọ̀ ni Wassila ti ń yí i. Bí ó bá ti yí irin náà dé ibì kan, yóò wúwo bí ẹni pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú. Bí ó bá tún tì í, irin náà yóò tì í padà.

Nígbà tí ó yọ ìka kúrò nínú omi, abẹ́ èékánná ti pọ́n. Kò pẹ́, ó dúdú bí aṣọ tí a rẹ sínú aró. Ìka náà ń lù kì, kì, kì, ó ń bá ọkàn rẹ̀ rìn. Ó tún gbá irin ìyí mú, ṣùgbọ́n bí ìka náà ti kan irin, omi lé ròrò sí i lójú. Ojú tì í. Ó sin ọkọ, àwọn ènìyàn yìn ín pé ó ní ìfaradà. Èékánná kan ṣoṣo wá ń mú un sunkún níwájú abọ́ gbágùúdá.

"Lọ sọ́dọ̀ Madáàmù Laurence," ni Memounatou wí. "Bí o bá dúró tì mí, ìgbẹ́ adìẹ ni màá fi sí i. Bí ìyá mi ti máa ń ṣe nìyẹn."

"Ṣé ó máa ń san?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rántí ìrora."

Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Laurence, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, fi bí ọdún mẹ́wàá ju Wassila lọ. Àgbélébùú kékeré kan máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì máa ń bá gbogbo ènìyàn wí bí ọmọ rẹ̀. Ó gbá ìka náà mú, ó ní kí Wassila ká a, kí ó nà án.

"Egungun kò ṣẹ́. Nǹkan kékeré ni."

"Kò kéré lára mi, Madáàmù."

"Mo mọ̀. Wò ó. Èékánná wà lókè, egungun wà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ há sáàárín, kò rí ọ̀nà jáde. Egbò kọ́ ló ń dùn ọ́. Ohun tó há yẹn ni. Ẹ jẹ́ ká la fèrèsé fún un."

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà. Ó mú wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ń há ìwé pọ̀, ó tọ́ ọ, ó sì ti orí rẹ̀ bọ iná àtùpà títí ó fi pọ́n. Wassila fà sẹ́yìn.

"Ṣé kò ní dùn?"

"Èékánná kò mọ nǹkan kan. Ṣé o máa ń sunkún bí o bá ń gé e?"

Wáyà pípọ́n náà kan àárín èékánná. Èéfín díẹ̀ rú, ó ń rùn bí ìwo tó jóná. Laurence kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn jẹ́ kí iná ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lójijì, ẹ̀jẹ̀ dúdú ta jáde láti inú ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ìrora náà sì lọ. Ó lọ pátápátá, bí ìgbà tí a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

Wassila tẹjú mọ́ ìka rẹ̀. "Níbo ló gbà lọ?"

"Kí ni?"

"Ìrora náà."

Laurence rẹ́rìn-ín, ó ń fi aṣọ funfun di ìka náà. "Ó gba ojú fèrèsé. Èékánná yẹn lè bọ́, òmíràn á hù. Ó máa tó oṣù mẹ́fà. Má fi ọwọ́ yìí ṣiṣẹ́ lónìí."

"Iṣẹ́ ń dúró dè mí lónìí gan-an, Madáàmù."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dì í nípọn."

Lójú ọ̀nà, Wassila kò yára. Ó ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó há. Ó rántí ìgbà tó wà lọ́mọdé, tó máa ń fi àtàǹpàkò di ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, tí yóò sì máa tì í. Bí ó bá ti ń tì í ni yóò máa le sí i, bí ó bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò ta padà. Bí ó bá wá ṣí àtàǹpàkò kúrò, ọmọ ọdún méjì lè tì í. Ibi tí irin ìyí ti máa ń wúwo, ibì kan náà ni nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ kò bá a jà rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó há sínú rẹ̀. Ta ni ó fi àtàǹpàkò di ẹnu rẹ̀?

Nígbà tí ó padà dé, Memounatou ṣì wà níbẹ̀. Gbágùúdá náà kò tíì lọ sínú odó. Wassila kò fọwọ́ kan irin ìyí. Ó tú epo díẹ̀ sára àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí ẹ̀rọ, níbi tí ìyẹ̀fun àti èéfín ọdún méje ti dì pọ̀. Sadikou fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tí Ìléyá bá ń bọ̀ ni ó máa ń fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún, látòkè délẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà náà ni ìka ọwọ́ òsì Wassila ti kan kókó kan. Ó fi ọ̀bẹ ha á. Wáyà ni, wọ́n wé e mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ gírígírí. Sadikou ti kun irin àti wáyà papọ̀.

Ó fi ẹ̀mú gé wáyà náà. Ó tú u díẹ̀díẹ̀, ó kó o sílẹ̀. Irin kékeré náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó da epo sí i, ó dúró, ó mì í. Nígbà tó gbé e sókè, ẹ̀rọ náà mí. Hììì, bí àgbàlagbà tó jókòó.

Ó fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ irin ńlá náà. Ó yí.

"Wassila," Memounatou ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí lo ṣe fún un?"

"N kò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó yí irin ìyí, ó yí i kíákíá, kò sí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò jí. Ó dúró, ó rò ó. Pọ́ǹpù tí ẹnu rẹ̀ ṣí kì í fẹ́ táyà. Ohun tó há yẹn náà ni ẹ̀rọ nílò láti jí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ń há kí kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nítorí náà, ó gbé irin kékeré sókè pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó fi ọ̀tún yí i, ìka tí wọ́n dì náà nà síta bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tí ó ti ń fi agbára ara rẹ̀ yí, Wassila jọ̀wọ́ irin kékeré náà.

Tù. Tù. Tù-tù-tù-tù.

Memounatou kígbe "Alihamudulilai!", ó sì gbé abọ́ rẹ̀ sórí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbágùúdá rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí alùpùpù Rigobert dé, Adamou wà lẹ́yìn rẹ̀. Adamou sọ̀ kalẹ̀ kí alùpùpù tó dúró tán. Ó wo okùn. Okùn náà wà níbi tó fi í kọ́ sí lánàá.

"Ta ló bá ọ fà á?"

"Kò sẹ́ni, ọkọ mi."

"Mo wà níbẹ̀!" ni Memounatou fi sí i. "Ọwọ́ kan ni. Ọwọ́ tó fara pa pàápàá!"

Rigobert, ọkùnrin sísanra kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, súnmọ́ ẹ̀rọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó rí irin kékeré tí ọ̀dà ti ha kúrò lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa wáyà gígé nílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Wáyà mi rèé! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dè é, kí irin náà má baà fọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń gbé e bọ̀. Ọ̀nà ti burú jù. Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u, àbí?"

Adamou tẹjú mọ́ wáyà náà. Rigobert wo Adamou, ó wo Wassila. Ẹ̀rín náà rọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

"Báwo ni Sadikou ṣe wá ń yí i?"

"Agbára ni ó fi ń yí i," ni Adamou wí. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ariwo ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi lágbára."

"Mo rò pé ó mọ̀," Rigobert wí. "Kò bèèrè."

Adamou yí ojú sí ìjókòó pákó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sọ́wọ́. Kò tún sọ̀rọ̀ títa ẹ̀rọ mọ́. Nígbà tó yá, ó ká okùn náà, ó kó o lé èjìká, ó sì mú àlejò rẹ̀ lọ sílé láti fún un lómi.

Wassila lọ gbágùúdá náà tán. Ó gbọn ìyẹ̀fun sínú abọ́ Memounatou, ó bá a gbé e rù. Nígbà tó ku òun nìkan, ó ṣa wáyà tí Rigobert jù sílẹ̀. Kò wúwo. Ó lè ká a mọ́ ìka rẹ̀ kan.

Fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò rí ẹni bi pé kí ni ó pa ọkọ òun. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá tẹ èèkù báyìí, ìdáhùn sì ti dé kí ó tó la ẹnu.

Ó na ìka òsì rẹ̀, ó gbé irin kékeré náà sókè. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, kẹ̀kẹ́ ńlá náà yí díẹ̀ sí i, ó dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ó gbọ́ ìka rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, jẹ́ẹ́jẹ́, lábẹ́ aṣọ funfun. Ó lọ jókòó sórí pákó náà, ní ibi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí, ó sì jẹ́ kí omi ojú rẹ̀ máa dà.