Ọ̀nà Tó Kúrú Jù Lọ sí Perth

Iṣẹ́ Boitshepo ni pé kó fa ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú máa gbà kí awakọ̀ tó gbé e. Ní ọ́fíìsì wọn ní Johannesburg, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń pa mọ́: bí èèyàn ẹni bá wà nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn la máa ń gbé e fún kó bá wa fa ọ̀nà rẹ̀. Àwa Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn tibẹ̀ ò gba ìyẹn gbọ́ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Thuso àbúrò rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ lọ sí Perth, Boitshepo sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀dọ̀ Onalenna, ẹ̀gbọ́n wọn, ni ìyá wọn ń gbé ní Perth. Ó ti wà nílé ìwòsàn, dókítà sì ti ní kò dájú pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a. Orúkọ Thuso ló ń pè. Òun ni àbíkẹ́yìn, ìjà ló sì gbẹ̀yìn òun àti ìyá rẹ̀ kí ìyá náà tó rìnrìn àjò. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ojú ẹ pọ́n," ni Vusi, àgbà ọ́fíìsì, wí. Magwinya, ìyẹ̀fun díndín wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo ló ń jẹ. "Ta lo ní nínú ọkọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bhuti Vusi. Oorun ló ń kùn mí."

"Oorun ló ń jẹ́ kó o máa gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà?"

Boitshepo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ikùn. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde lọ gbé e. Thuso ni.

"Ausi, mo ti rí àwòrán ọ̀nà yín lórí fóònù. Apá ìlà oòrùn ni Perth wà, ẹ wá ń gbé wa lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àwọn tó ń gbé nínú yìnyín. Ṣé ẹ ti sọnù ni?"

"Wá ọsàn kan, kó o na òwú lé e láti ìhín dé ọ̀hún, kó o wo ibi tó máa gbà. Ayé ò tẹ́ bíi tábìlì, Thuso. Ibi tó dà bí ìyípo lójú ẹ yẹn ló kúrú jù."

"Ibi tí mo ti fẹ́ rí ọsàn lẹ́nu ọ̀nà bàálù ni mi ò mọ̀."

Kí Thuso tó pè, ọ̀nà méjì ló ti wà níwájú Boitshepo. Ti gúúsù ló kúrú jù, afẹ́fẹ́ á sì máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òkun lásán ló kún ibẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bí èyí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ àfi bí pápákọ̀ kan bá ṣí sílẹ̀ tó lè sá lọ bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú. Erékùṣù kan ṣoṣo ló wà fún irú ìsádi bẹ́ẹ̀, ìjì sì ń rìn bọ̀ nítòsí rẹ̀. Ọ̀nà kejì gba òkè, lápá àríwá, ibi ìsádi pọ̀ lójú rẹ̀, ó kàn máa fi wákàtí kan àti díẹ̀ pẹ́ jù ni. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní ó ṣeé ṣe kí ìjì náà yà. Lọ́jọ́ mìíràn, Boitshepo ì bá ti gba òkè láìronú. Lọ́jọ́ yìí, "ó ṣeé ṣe" tó o. Ó fa ti gúúsù, ó fọwọ́ sí i. Ramoroka, ọ̀gá awakọ̀, bi í nípa ìjì, Boitshepo ní ó máa yà, ọ̀gá náà gbà á gbọ́, òun náà fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra ni Boitshepo ò ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Bí ìròyìn ojú ọjọ́ bá ti dé, á kọ́kọ́ di ojú, kó tó kà á. Ọkọ̀ ò tíì wọ agbami náà tán nígbà tí èyí tó ń bẹ̀rù dé: ìjì ò yà. Wọ́n ti ti pápákọ̀ erékùṣù náà pa.

Epo tó wà nínú ọkọ̀ ò tó fún ọ̀nà òkè mọ́. Bó bá sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí Johannesburg. Bí ò bá sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé kú. Ibi tó ti ń rò ó ni ọ̀rọ̀ Ramoroka ti jáde lójú kọ̀ǹpútà: Erékùṣù ńkọ́?

"Ọ̀gá awakọ̀ ń bi ẹ́ ní nǹkan," ni Vusi wí.

"Mo rí i."

"Dá a lóhùn nígbà náà. Àbí o fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá bi ẹ́?"

"Thuso wà níbẹ̀, Bhuti Vusi. Mme, ìyá wa, ń kú lọ."

Vusi gbé magwinya ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo bi ẹ́ láàárọ̀."

"Ẹ bi mí."

"Ká ní o gbé e fún mi ni, òkè ni ǹ bá gbà." Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. "Ìwọ lo fọwọ́ sí i."

Boitshepo kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́: Ó ti tì. Ẹ padà.

Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ti padà balẹ̀. Thuso ń pè é, kò gbé e. Ojú ń tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ láti lọ síbi tí àwọn èrò wà. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ló tó gbéra, ojú ọ̀nà ló sì wà tí Onalenna fi pè é.

"Mme ti lọ, Boitshepo. Ó ní ṣé ọkọ̀ Thuso ti balẹ̀. Mo purọ́ fún un pé ó ti balẹ̀."

Boitshepo dúró, ó ṣírò ó. Ká ní ọkọ̀ gba òkè, Thuso ì bá ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ì bá ti bẹ ìyá rẹ̀ tán. Ọ̀nà kúkúrú tó yàn ló gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá Thuso lórí ìjókòó, àpò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ausi, ẹ ò gbé fóònù. Wọ́n ní àárọ̀ ọ̀la ni òmíràn máa gbéra." Ó nu ojú. "Ẹni tó fa ọ̀nà yẹn, kí òun náà má bá ìyá rẹ̀ láyé."

"Kò bá a," ni Boitshepo wí. "Onalenna ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí."

Omi ojú Thuso ti ń dà kí apá kejì ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kó o tètè dé."

"Ta ló bẹ̀ yín pé kí n tètè dé? Kí n ṣáà dé ni mo fẹ́."

Boitshepo fẹ́ jókòó tì í. Thuso gbé àpò rẹ̀ sórí àyè tó ṣófo náà, ó sì gbé ọwọ́ lé e.