Òkúta Mẹ́rìnlá

Pápá tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì wa ti ń ṣe ìgbáradì wà ní Ganaja, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní ọgbà. Agolo ọ̀dà wà lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀, ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, títí kan èmi. Ẹni tó bá wá sí ìgbáradì á mú òkúta kan dání, á jù ú sínú agolo tirẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yan àwọn tó máa wọ jẹ́sì, a ó da agolo délẹ̀, a ó kà á. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òkúta wọn pọ̀ jù ló máa bẹ̀rẹ̀ eré. Àwọn tó máa rọ́pò wọn náà, òkúta ló ń yàn wọ́n.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Nígbà tí èmi fúnra mi ń ṣeré, inú ìwé ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ orúkọ ẹni tó wá sí. Píráímárì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò lè ka ohun tó ń kọ dáadáa. Odidi ọdún kan ni mo wá láìpa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí a fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ kan ṣeré ní Ìlọrin, akọ̀wé ní ìwé òun sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo wá. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wọ jẹ́sì mi. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Akọ̀wé náà ti kú, mi ò sì dé ibi ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi mí ṣe alábòójútó ẹgbẹ́, mo kó agolo wá. Òkúta kì í ní àna.

Gbogbo wọn gbà, àfi Nehemiah. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Lokongoma ni wọ́n ń gbé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń rí. Ó máa ń wá, ṣùgbọ́n kì í ju òkúta. Ó ní fóònù òun ń bá òun ka ọjọ́. Nígbà tí mo pè é síbi agolo lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Olókùúta, ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò pè é síbẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Abuja wá wo eré wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ Mìnà. Ó ń wá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ máa gbà, tí wọ́n á sì fún níbi tí wọ́n á máa gbé. Nehemiah ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Kàsímù, balógun ẹgbẹ́ wa, sọ fún mi pé ọkùnrin yìí nìkan ni ọmọ náà ń rò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí a fẹ́ yan, Nehemiah bá mi lábẹ́ igi. Náílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n," ó fi kí mi. "Iye ọjọ́ tí mo wá gan-an ni mo kó wá, mi ò fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dà á sínú agolo mi."

Mo ní òkúta tí kò wá lọ́jọ́ tirẹ̀, ilẹ̀ ló ni ín.

Kàsímù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n Bámiṣayé, ojú gbogbo wa ni ọmọ yìí ti ń sáré níbí. Ojú ẹ̀yin náà."

"Agolo ni mo ń wò."

"Ẹ fojú fò ó dá lẹ́ẹ̀kan yìí."

Mo ní ẹni tó bá fojú fò ó dá lẹ́ẹ̀kan ti di akọ̀wé.

Nígbà tí a da agolo Nehemiah délẹ̀, omi òjò àti ewé máńgòrò ló jáde. Goodness, tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ni jẹ́sì kọkànlá, ti ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kàn. Kò na ọwọ́ gbà á. Èjìká rẹ̀ ni mo gbé e kọ́.

Ní Sátidé, Nehemiah jókòó sórí koríko lẹ́bàá ìlà, ó wọ bàtà ìṣeré rẹ̀, ó sì dì í. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí Mìnà fi àmì márùn-ún ṣíwájú, bọ́ọ̀lù bọ́ sí Goodness lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Wọ́n lé e bá, wọ́n gbé e lulẹ̀ nígbà tó ku ìṣísẹ̀ márùn-ún kó dé ìlà ìparí tí à bá ti gba àmì márùn-ún.

Ọkùnrin ará Abuja náà bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ò ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju èyí lọ. Nehemiah gbọ́. Ó dìde dúró. Láti inú pápá, Kàsímù ń wò mí.

Mo ní a ò ní.

Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Nehemiah ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lásán lọ sí ojú ọ̀nà Ajaokuta, níbi tí kẹ̀kẹ́ akérò wà.

Kò wá ní Túsìdeè, kò sì wá mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn tó kù wá, wọ́n kọjá lára agolo lọ́wọ́ òfìfo, Goodness náà pẹ̀lú wọn. Èmi nìkan ni mo ju tèmi.

Náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà nídìí igi. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń jó irin ní Karaworo. Èmi náà ti ń fi ọkàn ka iye ọjọ́ tí ó wá sí ìgbáradì, nítorí ẹni tó bá fi mí ṣẹ̀sín, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni tèmi. Mo da òkúta rẹ̀ sílẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlá ni. Kò fi ọ̀kan lé e.

Ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Bó bá wá bèèrè rẹ̀, màá gbé e fún un. Ṣùgbọ́n òun ló máa kọ́kọ́ kí mi.